Ọjọ́ Tí Metro Wá Tún Kọ̀ǹpútà Wa Tò

Àbúrò mi Metro kì í fúnni lẹ́bùn kó má fi ìkìlọ̀ tì í. Nígbà tí ọkọ mi Orest fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ rẹ̀, níbi àwọn àká àlìkámà gogoro tó wà lẹ́bàá ojú irin níhìn-ín ní Dauphin, Metro fi ọwọ́ ara rẹ̀ to kọ̀ǹpútà kan fún un. Ó ra egungun rẹ̀ lọ́tọ̀, ó ra ọpọlọ rẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì jókòó sí yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ títí gbogbo ewé orí igi fi wọ́ tán, ó ń so wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ tẹlifóònù ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Kò sí wáyà tó lè dẹ́rù bà á.

Ọjọ́ tó gbé e wá, ó gbé e kalẹ̀ sí igun pálọ̀ wa, ó sì ń ṣàlàyé fún Orest pé òun ti pín dísìkì inú rẹ̀ sí yàrá méjì. Èyí tó kéré ń jẹ́ C, èyí tó tóbi ń jẹ́ D. Ó ní ọ̀kan jẹ́ ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ohun tó fi ń mí wà, kí a má fọwọ́ kàn án; èkejì ni tiwa, kí a kó ẹrù wa síbẹ̀ bó ṣe wù wá. Kíṣìnì ni mo wà, mò ń po ìyẹ̀fun, n kò rí èwo ni èwo. Orest jókòó ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù orí yìnyín lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn ará Winnipeg ń jìyà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ò sì kúrò níbẹ̀. Ó kàn ń mi orí. Nígbà tí Metro bi í léèrè bó bá yé e, ó ní ó yé òun yékéyéké.

Kọ̀ǹpútà náà sì dùn ún lò. Larissa ọmọ wa ra kámẹ́rà fún mi, mo wá di ẹni tó ń ya gbogbo nǹkan tó bá dúró jẹ́: tòmátì inú ọgbà, ológbò aládùúgbò, ìsìnkú, ìgbéyàwó. Orest ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó orin pólíkà láti orí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ sínú rẹ̀. Bó bá ti kó ọ̀kan wọlé, á jó yí tábìlì ká kó tó kó òmíràn.

Àfi bí ẹ̀rọ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀. Bí mo bá tàn án láàárọ̀, mo lè fọ abọ́, kí n nu tábìlì, kí n sì bu kọfí kejì kó tó jí dáadáa. Bí mo bá ní kó ṣí fọ́tò kan fún mi, á máa kùn bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tó kún. Nígbà tó yá, Orest wà níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń mu kọfí lójú pópó, ó sì la ẹnu rẹ̀ sọ pé ẹṣin arọ ni àna òun fún òun. Dauphin ò tóbi. Kí kọfí inú ife rẹ̀ tó tutù, ọ̀rọ̀ náà ti délé Metro.

Metro ò bá a jà. Kò kàn wá jẹun lọ́dọ̀ wa mọ́ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Bí mo bá pè é, á ní òun ní iṣẹ́. Bí mo bá sọ ọ́ fún Orest, á ní, "Ó mọ ọ̀nà ilé wa." Bí ìgbà ìkórè ṣe kọjá nìyẹn, tí ọdún Kérésì kọjá, tí àga Metro ṣófo nídìí tábìlì wa. Èmi ni mo wà láàárín, ọkọ lápá kan, ọmọ ìyá lápá kejì.

Ìgbà náà ni ọjọ́ ìbí Màmá dé. Màmá wa, Paraska, máa pé àádọ́rùn-ún ọdún nínú oṣù Fẹ́búárì. Ojú wọn ṣì mọ́lẹ̀. Etí wọn ń gbọ́ ohun tó bá wù wọ́n. A ti gba gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ fún ọjọ́ Sátidé, Larissa sì máa gbé ẹ̀rọ kan bọ̀ láti Winnipeg tí yóò máa gbé àwòrán sára ògiri. Iṣẹ́ tèmi ni kí n to àwọn àwòrán náà: ti àtijọ́ tí mo ti fi ẹ̀rọ dà sínú kọ̀ǹpútà, àti ti ìsinsìnyí. Mo jókòó tì í nínú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Kọ̀ǹpútà ní kò sí àyè mọ́. Mo pa á, mo tún un tàn, ó tún sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dúró gbagidi, kò ṣí, kò pa.

Màmá sì ti sọ fún mi lórí fóònù lánàá ọjọ́ náà pé àwọn ò fẹ́ rí kí àna àwọn àti ọmọ àwọn jókòó sí ìkángun méjì gbọ̀ngàn bí ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Mo pe Metro. Mi ò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, mo ní àwòrán Màmá ti há sínú ẹ̀rọ. Ó béèrè ibi tí Orest wà. Mo ní ó ti bá àwọn ọkùnrin yòókù lọ kó yìnyín kúrò lórí òrùlé gbọ̀ngàn, kò ní í dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní òun ń bọ̀, ṣùgbọ́n òun ò ní í pẹ́.

Ó dé, ó fi okùn iná tó ń mú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ gbóná bọ ara ògiri wa níta kó má bàa dì, ó bọ́ bàtà, ó sì jókòó ti ẹ̀rọ náà láìmu nǹkan kan. Kò tíì gbé ojú sókè tí afẹ́fẹ́ fi yí padà. Ní kíá, n kò rí ilé aládùúgbò mọ́ láti ojú fèrèsé. Ìjì yìnyín tí wọ́n ní ó di alẹ́ ti sáré ṣáájú. Àwọn ọkùnrin orí òrùlé sọ̀ kalẹ̀, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ, mo sì gbọ́ ọkọ̀ Orest lágbàlá. Mo gbọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń gbọn bàtà. Ó gbọn bàtà náà ju bí yìnyín ara rẹ̀ ṣe pọ̀ tó lọ.

Ó wọlé, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó na ìwé ìròyìn bo ojú.

"Stefa," ó ní, "wọ́n ti gbé ọkọ̀ kan síbi tí mo máa ń gbé tèmi sí."

Metro ò yíjú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò ní í pẹ́ lọ."

"Sọ fún un pé ìjì ti dí ọ̀nà. Ibo ló ń lọ?"

Mo sọ fún àwọn méjèèjì pé èmi kì í ṣe wáyà tẹlifóònù. Mo gbé kọfí fún wọn, mo sì lọ ti holubtsi, ìrẹsì tí mo dì sínú ewé kábéèjì, bọ inú ààrò, ṣùgbọ́n mo fi ilẹ̀kùn kíṣìnì sílẹ̀ gbayawu.

Metro pè mí, ó ní òun ti rí ohun tó ń ṣe é. Ó ní bí àyè bá ti há, kọ̀ǹpútà kì í rí ibi tó lè gbé odindi nǹkan sí; á gé fọ́tò kan sí wẹ́wẹ́, á fi ẹyọ kan síhìn-ín, á fi òmíràn sẹ́yìn ọ̀hún, á há ìyókù sí kọ̀rọ̀. Bí o bá wá ní kó mú fọ́tò náà wá, á máa rìn káàkiri ilé kó tó ṣà á jọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń kùn. Ohun tó kù ni ká kó gbogbo wẹ́wẹ́ yẹn jọ, ká to odindi tẹ̀ lé odindi. Ó ní iṣẹ́ yẹn wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kí a kàn pàṣẹ ni. Ó pàṣẹ. Kọ̀ǹpútà kọ̀. Ó ní C kún débi pé òun ò rí ibi tí òun máa dúró sí tún un ṣe.

Metro ń họ orí. Ohùn kan jáde láti ẹ̀yìn ìwé ìròyìn.

"A kì í yí ọkà láìsí àká tó ṣófo."

Metro yíjú. "Kí lẹ sọ?"

Ìwé ìròyìn wálẹ̀ díẹ̀. "Bí àlìkámà inú àká kan bá fẹ́ gbóná, o gbọ́dọ̀ yí i kó má bàa bàjẹ́. Tó bá jẹ́ pé gbogbo àká ló kún, ibo lo fẹ́ dà á sí? O ní láti kọ́kọ́ wá ọ̀kan tó ṣófo."

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn," ni Metro wí.

Wọ́n wo ara wọn. Ó wá jọ pé àwọn méjèèjì rántí lẹ́ẹ̀kan náà pé àwọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀kan wo ilẹ̀, èkejì wo òkè.

Metro ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé D náà ti kún nìyẹn, kí òun wo ohun tí a lè yọ kúrò níbẹ̀. Ó ṣí D. Ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Yàrá ńlá tó lè gba gbogbo Dauphin, kò sí ẹyọ kan nínú rẹ̀. Metro pa á, ó tún un ṣí, bí ẹni tó rò pé ilé onílé lòun wọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló kó gbogbo ẹrù yìí sínú C?"

Mo ní gbogbo wa ni. Mo ní Orest ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé inú D. Ní Kérésì kan, Larissa fẹ́ kó fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ síbẹ̀, Orest fi ọwọ́ bo máòsì mọ́lẹ̀, ó ní, "Kúrò níbẹ̀. Àbúrò ìyá ẹ ní ká má fọwọ́ kan ibẹ̀." Nígbà tí Larissa ní kí lẹ rò pé ó wà níbẹ̀, ó ní ohun tó wà níbẹ̀ kò kàn án.

Metro bọ́ awò ojú rẹ̀. Orest ká ìwé ìròyìn, ó gbé e sórí itan.

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀," ni Orest wí. "Ibi tí o jókòó sí yẹn náà lo wà. O ní ti kọ̀ǹpútà ni, ká má fọwọ́ kàn án."

"C ni mo ń sọ. Èyí kékeré."

"Èyí ńlá lo nawọ́ sí."

"Mi ò nawọ́ sí nǹkan kan. Ife kọfí mi ni mo nawọ́ sí."

Afẹ́fẹ́ níta ń fọn bí fèrè.

"Ẹ wá ń há ara yín mọ́ yàrá kékeré láti ọjọ́ yìí," ni Metro wí, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Kódà nígbà tẹ́ ẹ ń bínú sí mi, ẹ ò dán an wò kẹ́ ẹ ṣí èkejì?"

Orest wò ó bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò nítumọ̀. "Kí ni ìbínú fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ẹni tó fún mi ní nǹkan ló sọ bí n ṣe máa lò ó."

Metro wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. Mo rò pé ó fẹ́ sunkún. Àfi bí èjìká rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mì, tí ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀, tó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Orest kọ́kọ́ lejú, bí ẹni pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá ó wo D tó funfun báláú yẹn, ó wò mí, òun náà ò lè mú un mọ́ra. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín kẹ́yìn, torí mo ń rántí gbogbo ìgbà tí mo pa fọ́tò tòmátì rẹ́ kí fọ́tò ọmọ lè ráyè.

Orest fa àga sún mọ́ Metro, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Fọ́tò mi lọ sí D. Pólíkà Orest lọ sí D, Metro sì ń ka orúkọ wọn sókè bí wọ́n ṣe ń kọjá, ó ní ọkùnrin tí kò jẹ́ bá aya rẹ̀ jó níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń kó orin ijó pa mọ́. Orest ní orúnkún ló ń dun òun lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n kó tán, Metro pàṣẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, kọ̀ǹpútà sì gbà.

Ó dùn ún wò. Ojú kọ̀ǹpútà kún fún àpótí kéékèèké aláràbarà, bíi aṣọ tí wọ́n fi àjákù rán, wọ́n wá ń ṣí lọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ibi tí wọ́n bá tò sí á di àwọ̀ kan. Orest tẹjú mọ́ ọn bó ṣe máa ń tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù. A fi í sílẹ̀ lọ mu kọfí ní kíṣìnì. Nígbà tí a padà dé, ó ti pa dà sí ìbẹ̀rẹ̀. A tún dúró wò ó, ó lọ dáadáa. A tún lọ sí kíṣìnì, ó tún pa dà sí ìbẹ̀rẹ̀. Metro ní nǹkan kan wà tó ń fọwọ́ kan dísìkì náà lẹ́yìn wa, tí kọ̀ǹpútà fi ń rò pé nǹkan ti yí, kí òun tún un kà látòkè. Ó wá ohun náà títí, kò rí i.

Orest ló rí i. Ó sá pa mọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń yọjú. "Ẹja ni," ó ní. "Bí a bá ti jáde báyìí, ẹja Stefa á wọlé."

Òótọ́ ni. Èmi ni mo fi àwọn ẹja yẹn síbẹ̀. Bí ẹnì kan ò bá fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀, ẹja aláwọ̀ mèremère á bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́ lójú rẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn. Metro bẹ̀ mí kí wọ́n lọ sùn di ọ̀la, mo gbà, ó pa wọ́n.

Iṣẹ́ ti dé ìdajì nígbà tí iná ṣẹ́jú. Ó ṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ó tún ṣẹ́. Ojú Metro yí padà. Ó ní bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ gbé ẹrù dání báyìí, ẹrù tó gbé dání á já bọ́, inú C sì ni ẹ̀mí kọ̀ǹpútà wà. Ó lè má jí mọ́. Orest ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó pa ààrò mi pẹ̀lú holubtsi tí kò tíì jinná nínú rẹ̀, ó pa rédíò, ó pa gbogbo iná ilé, ó wọ ẹ̀wù òtútù, ó jáde sínú ìjì, ó sì lọ fa okùn iná ọkọ̀ méjèèjì yọ. Metro fẹ́ sọ fún un pé wáyà ìlú ni afẹ́fẹ́ ń mì, pé ohun tó pa nínú ilé kò ràn án. Ó ṣí ẹnu, ó rí yìnyín lórí ìpéǹpéjú Orest, ó pa á dé.

A jókòó ní àwa mẹ́ta níwájú ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà, a ń jẹ búrẹ́dì àti sọ́sééjì aláyù àti kùkúḿbà oníyọ̀. Ibẹ̀ ni Metro ti sọ pé kì í ṣe ẹṣin arọ ló dun òun. Ohun tó dun òun ni pé ẹnu ọkùnrin tó ń ta táyà lòun ti gbọ́ ọ. Orest jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán kó tó fèsì. Ó ní ojú ń ti òun ni. Lánàá òun ń ṣàkóso àká tó ga ju ilé ìjọsìn lọ, lónìí òun wá jókòó níwájú àpótí kan tí òun ò lè mú kó sáré, àna òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ó rọ òun lọ́rùn láti bú àpótí ju kí òun pè é béèrè.

"Ẹ̀ bá ti pè," ni Metro wí.

"Mo mọ̀ báyìí."

Iná ò lọ. Àpótí aláràbarà ṣí títí wọ́n fi tò tán, kọ̀ǹpútà sì sọ pé òun ti parí. Metro pa á, ó tún un tàn. Mo ti dìde láti lọ fọ abọ́ bí mo ṣe máa ń ṣe. N kò tíì dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnì tí Orest fi pè mí pé ó ti jí. Ó tẹ fọ́tò kan, ó ṣí. Ó tẹ òmíràn, ó ṣí. Ó ń tẹ̀ wọ́n lọ bí ọmọdé tó rí agogo ẹnu ọ̀nà.

Metro sùn sórí àga gígùn wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìjì ti lọ, oòrùn ń ta lórí yìnyín, ọkọ̀ méjèèjì sì ti dì gbagidi nítorí okùn iná tí Orest fà yọ. Wọ́n wà níta títí di ọ̀sán tí wọ́n ń bá ẹ́ńjìnnì fà á, ọ̀kan ń sọ pé ẹ̀bi èkejì ni. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, mi ò sì pè wọ́n wọlé. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ariwo àwọn méjèèjì pọ̀.

Ọjọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn kún. Orest ló jókòó ti kọ̀ǹpútà, Metro dúró tì í, ó di wáyà kan mú tí kò sí ẹni tó ní kó dì í mú. Wọ́n gbé Màmá síwájú pátápátá, a kọrin fún wọn, a pa iná, àwòrán sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ògiri ní kíákíá, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Nígbà tó kan èyí tí olóògbé bàbá wa ti dúró níwájú ààrò amọ̀ ní oko àkọ́kọ́ wọn, tó gbé búrẹ́dì ràbàtà dání tó ń rẹ́rìn-ín, Màmá gbé ọwọ́ sókè. Orest dá a dúró.

Màmá wo ọkùnrin náà títí. Àwọn obìnrin kan ti ń wá áńkáṣíìfù.

"Búrẹ́dì yẹn jóná nísàlẹ̀," ni Màmá wí. "Òun ló ṣe é. Gbogbo rẹ̀ ló sì jẹ."

Wọ́n ní kí Orest máa bá a lọ, kí ẹnì kan sì bá àwọn gbé píróhì wá, èyí tó ní ànàmọ́ òyìnbó àti wàràkàṣì nínú, nítorí ebi ń pa àwọn.